Onítìmùtìmù Tí Àlejò Kì Í Jókòó Lọ́dọ̀ Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní Ọ̀yọ́ tó ń fi awọ ṣe tìmùtìmù. Ìyá Gbádébọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fún yín ná, kí n tó fèsì sí ohun tẹ́ ẹ bá mi sọ lẹ́yìn ìsìn. Ó ti rẹ̀ yín, ó rẹ èmi náà. Mi ò ní fà á gùn.

Iṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni. Awọ ewúrẹ́ ló ń lò. Á kùn ún, á gé e wẹ́wẹ́, á to pupa mọ́ dúdú, á to funfun sáàárín wọn, á rán an pọ̀, á wá kó òwú sínú rẹ̀ títí yóò fi kún dáadáa. Ẹni tó bá jókòó lórí rẹ̀ kì í fẹ́ tètè dìde. Mo ti jókòó lórí ọ̀kan rí nílé ìyá ìjọ, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Tẹ́lẹ̀, etí títì ni ìsọ̀ rẹ̀ wà. Àwọn tó ń rin ìrìn àjò á rí tìmùtìmù tó tò síta, wọ́n á dúró, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì rà. Nígbà tó yá, wọ́n la ọ̀nà tuntun gba ẹ̀yìn ìlú. Ọkọ̀ ò gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń to ọjà síta láràárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń nu eruku orí wọn. Ó ń nù ún, eruku ń padà, kò sẹ́ni tó wá jókòó.

Obìnrin kan wà ní Èkó tó ń wá ẹni tó máa bá òun tọ́jú ọmọ jòjòló. Wọ́n ti bá ìyàwó onítìmùtìmù sọ ọ́. Ìyàwó náà ò fẹ́ lọ. Ọmọ tirẹ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣì kéré, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló ṣì ń sùn. Bó bá lọ, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò máa pọ̀n, tirẹ̀ yóò sì wà nílé. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń kó ọjà wọlé.

Ó ní, "Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, bí ọjà yìí ò bá yí padà kí ọdún tuntun tó wọlé, mo ń lọ o."

Ọkọ rẹ̀ gbé tìmùtìmù tó kù wọlé. Ó mọ̀ pé kò ṣeré. Ìyàwó náà kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá gbà á nímọ̀ràn. Ó ní àwọn èèyàn ò rin títì rajà mọ́, orí fóònù ni wọ́n ń rìn. Ó ní kó ṣí ilé ìtajà sórí ayélujára, níbi tí ará Èkó, ará Àbújá àti ẹni tó wà lókè òkun á ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbàdúrà sí i, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ó lọ bá obìnrin kan tó máa ń bá èèyàn ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà.

Obìnrin náà bi í pé, "Ẹni tó bá wọlé, kí lẹ fẹ́ kó kọ́kọ́ rí?"

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, Ìyá Gbádébọ̀. Kò sì bàjẹ́ torí pé ọkùnrin náà jẹ́ èèyàn burúkú. Ọmọlúàbí ni. Ó ronú sí ìbéèrè náà bí ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe máa ronú sí i. Ó ní báwo la ṣe ń gba àlejò nílé wa? A kì í dédé gbé ọjà ka iwájú èèyàn. A ó kí i. A ó bi í pé níbo ló ti wá, báwo ni wọ́n ṣe wà lọ́hùn-ún. A ó jẹ́ kó mọ ọmọ ẹni tí àwa náà ń ṣe. A ó gbàdúrà fún un. Iye owó ńkọ́? Ìyẹn ló kẹ́yìn pátápátá, nígbà tí àlejò bá ti fẹnu ara rẹ̀ bèèrè.

Gbogbo rẹ̀ ló kó síbẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí èèyàn tó rí ohunkóhun, ohùn náà á ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn o! Ẹ kú ewu ọ̀nà o!" Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kí lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Ìbàdàn, kó má tíì wẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni fídíò pásítọ̀ wọn, tó ń ya ilé ìtajà náà sí mímọ́, pẹ̀lú orin. Lẹ́yìn fídíò, àwòrán bàbá rẹ̀ àti ìtàn bí ìdílé wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awọ. Lẹ́yìn bàbá, àyè kan tí àlejò máa kọ orúkọ rẹ̀ sí, ìlú rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́, ilẹ̀kùn ò ní ṣí. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni tìmùtìmù wà. Kò sì sí iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé kí wọ́n pe òun kí wọ́n tó mọ iye.

Obìnrin oníkọ̀ǹpútà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti pọ̀ jù."

Ọkùnrin náà ní, "Ilé tiwa kọ́ ni wọ́n ti ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ọjà lórí ìdúró."

Obìnrin náà wò ó. Ó ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn jiyàn lọ́sẹ̀ yẹn. Ó bá a ṣe é bó ṣe fẹ́.

Wọ́n ṣí i. Àwọn ará ìjọ bá a kéde rẹ̀ káàkiri, èmi náà fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn mi. Ibì kan wà tí onílé ìtajà ti máa ń rí iye ẹni tó wọlé àti bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń wò ó nígbà gbogbo. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n pọ̀ ju àwọn tó ń dúró létí títì láyé bàbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọlé tán, wọ́n ti jáde. Ẹlòmíì ò pẹ́ tó ẹni tó sín. Wọn ò bèèrè nǹkan kan, wọn ò sì bú u. Wọ́n kàn ń lọ ni.

Ẹ wò ó, ẹni tó bá bú èèyàn sàn. Èèyàn á mọ ibi tí òun ti ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá yọ́ lọ, kí lèèyàn fẹ́ bi í?

Ọkùnrin náà rò ó títí. Ó ní bóyá awọ ò bá ayé mu mọ́. Ó ní bóyá ọwọ́ ẹnì kan wà níbẹ̀. Ó gbààwẹ̀ sí i. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé kó fi fóònù ẹlòmíì wọ ilé ìtajà náà bí àlejò. Onílé kì í kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ parí, ohun tó rí ṣe ni pé ó fi kún ìkíni. Ó tún ní kí obìnrin oníkọ̀ǹpútà ṣe ohun kan tó máa yọ sójú ẹni tó bá fẹ́ jáde, táá máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ!" Bí ìgbà téèyàn di àlejò láṣọ mú lẹ́nu géètì ló rí.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Kí lẹ tún fi sí i?"

"Ìkíni ni."

"Ìkíni tún ni? Ṣé èyí tó wà níbẹ̀ ò tíì tó wọn ni?"

"Kò lè pọ̀ jù. Ṣé èèyàn ń kú torí pé wọ́n kí i?"

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé àkísà rẹ̀, ó lọ nu tìmùtìmù.

Ọdún tuntun dé. Obìnrin náà di ẹrù. Ọkọ rẹ̀ bá a gbé báàgì dé gáréèjì, wọn ò sọ nǹkan púpọ̀ lọ́nà. Ó ti bá a rán tìmùtìmù kékeré kan tó máa gbé dání, kó lè máa rí nǹkan jókòó lé níbi tó ń lọ. Kí ọkọ̀ tó gbéra, obìnrin náà yọrí lójú wíńdò.

Ó ní, "Mọ́rẹ́nikẹ́ kì í jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ o. Ẹ má fipá mú un. Bó bá ń sunkún, ẹ gbé e sẹ́yìn, ẹ má dá a lóhùn."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Mo gbọ́."

Ó padà sílé, ó pọn ọmọ. Ọmọ náà sunkún títí ó fi sùn. Ọkùnrin náà wo fóònù rẹ̀. Èèyàn wọlé, wọ́n sì jáde.

Ní Èkó, obìnrin tí ìyàwó náà lọ bá ò burú. Báǹkì ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti jáde, nígbà tó bá fi máa dé ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ ń ké, apá ò ká a. Ìyàwó onítìmùtìmù gbé ọmọ náà lé èjìká, ó ń rìn án kiri pálọ̀ títí ó fi sùn. Ìyá ọmọ wá ìjókòó, tìmùtìmù kékeré yẹn ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ló bá jókòó lé e. Ó na ẹsẹ̀.

Ó wá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ọmọ má bàa jí. Ó ní, "Ìyá, níbo lẹ ti rí nǹkan yìí? Mo fẹ́ ńlá irú ẹ̀ sí pálọ̀ yìí. Mo fẹ́ mẹ́rin."

Ẹ lè mọ bí inú ìyàwó onítìmùtìmù ṣe dùn tó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ọmọ sílẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi ló ṣe é, mà! Ó ní ilé ìtajà lórí fóònù!" Ó pe orúkọ rẹ̀ fún un. Ìyá ọmọ fa fóònù yọ, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ KÁÀBỌ̀ O! Ẹ KÚ ÌRÌN O! Ẹ KÚ EWU Ọ̀NÀ O!"

Ọmọ náà ta jí, ó figbe ta.

Ìyá ọmọ ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa ohùn náà. Kí ó tó rí i, pásítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà díẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá a dúró pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ní lílà, ó tún gbàdúrà díẹ̀. Àwòrán bàbá yọ ní ìlàjì, iwájú orí àti fìlà nìkan. Lẹ́yìn náà ni ilé ìtajà bèèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fi nọ́ńbà mi ṣe? Ìjókòó ni mo fẹ́ rà."

Ó fẹ́ jáde. Fóònù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. A ó tún wò ó nígbà míì." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó gba ọmọ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Kò wò ó mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìyàwó onítìmùtìmù dá dúró sí pálọ̀. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ń sọ pé àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò rí ẹnì kankan nínú wọn rí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀kan lójúkojú ni. Ó pe ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, mo ti rí wọn."

"Ta lo rí?"

"Àwọn tó ń lọ. Mo rí ojú wọn."

Ọkùnrin náà jókòó. "Kí ni wọ́n ní a ṣe fún àwọn?"

"Wọn ò bínú sí wa. Wọn ò kórìíra awọ. Ó ti rẹ̀ wọ́n ni. Obìnrin yìí ti wà lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀. Àyè tó rí ò ju ìgbà tí ọmọ rẹ̀ fi sùn lọ. Ó fẹ́ rí tìmùtìmù, ó fẹ́ mọ iye tó jẹ́. Ẹ̀yin wá ń kí i."

"Ìkíni ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

"Mi ò ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ìjókòó lẹ ń tà. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jókòó."

Lẹ́yìn náà obìnrin náà bèèrè pé ṣé ọmọ jẹun.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkùnrin náà lọ bá obìnrin oníkọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n yọ ohùn òun kúrò. Wọ́n yọ ọ́. Ó ní kí wọ́n yọ ẹ̀bẹ̀ ẹnu géètì àti àyè nọ́ńbà fóònù. Wọ́n yọ wọ́n. Nígbà tó kan fídíò pásítọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó ní ṣé òun fẹ́ lé àdúrà kúrò ní ilé ìtajà ni? Ó kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀, ó ṣàlàyé fún un.

Pásítọ̀ ní, "Arákùnrin, Ọlọ́run ni mo gba àdúrà yẹn sí. Mi ò gbà á sí oníbàárà. Ọlọ́run sì ti gbọ́. Ẹ yọ ọ́ jàre."

Báyìí, ẹni tó bá wọlé, tìmùtìmù ló máa kọ́kọ́ rí, pupa, dúdú, funfun. Àwòrán náà fúyẹ́, fóònù kékeré lè gbé e. Iye rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀" wà lókè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò pariwo. Ìtàn bàbá wà ní ẹ̀yìn fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Àdúrà náà wà níbẹ̀ o. Ìparí ló gbé e sí, fún ẹni tó ti rajà tán. Ó kọ ọ́ pé, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ fi àlàáfíà jókòó lé e." Ẹ gbà mí gbọ́, àwọn tó rajà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "Àmín" ránṣẹ́ padà. Àwọn tí kì í dúró gbọ́ àdúrà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àmín.

Ìyàwó rẹ̀ ò bá obìnrin Èkó sọ ọ́ mọ́, ojú ń tì í. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló tún ṣí i, lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò jí. Ó wò ó, ó yan èyí tó wù ú, ó sì rà á.

Mi ò sọ pé ọkùnrin náà di olówó. Àwọn kan ṣì ń wọlé, wọ́n ṣì ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ayé rí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dúró wà, ọjà sì ń lọ. Ìyàwó náà ò lè já ọmọ jòjòló yẹn jù sílẹ̀ lójijì, ó dúró títí wọ́n fi rí ẹlòmíì. Kí ọdún Àjíǹde tó dé, ó padà sílé. Mọ́rẹ́nikẹ́ ò kọ́kọ́ súnmọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ ò pè é, kò fà á. Ó jókòó sórí tìmùtìmù, ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá gùn ún lẹ́sẹ̀.

Ìyá Gbádébọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ sọ fún mi pé Gbádébọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ń ti Ìbàdàn wá kí yín, wọn kì í jókòó. Ẹ ní wọn kì í tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnì mọ́tò. Ẹ ní ìyàwó ló ń kọ́ ọ. Ẹ ní kí n bá yín fi sínú àdúrà. Mo ti fi sí i. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbẹ̀yìn, a jọ ń bó ẹ̀gúsí ni. Kí Gbádébọ̀ tó sọ̀kalẹ̀ tán, ẹ ti wà ní géètì. Ẹ ní, "Ṣé ẹ ti wá rántí pé ẹnì kan bí yín?" Ẹ bi í pé kí ló dé tí kò gbé ìpè yín. Ẹ wo ikùn ìyàwó rẹ̀, ẹ ní, "Àwa ò tíì rí nǹkan kan o." Ẹ wá gbé ọwọ́ lé ikùn náà nínú oòrùn, ẹ ń gbàdúrà sókè, ará ilé kejì ń ṣe àmín láti ojú wíńdò. Ẹ̀yin dijú. Èmi ò dijú. Ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò ni ọmọbìnrin yẹn ń wò.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe. Àdúrà yẹn dára, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè, ẹ̀yin lẹ bí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí ti rin ọ̀nà jíjìn, ohun tí wọ́n fojú rí ní Ìbàdàn, ẹ̀yin àti èmi ò mọ̀ ọ́n. Ilé ìyá ni wọ́n ń bọ̀ láti wá jókòó. Ẹnu géètì lẹ ti ń pàdé wọn.

Ó rẹ̀ yín láti máa retí wọn, mo mọ ìyẹn náà. Ẹ gbé gbogbo ìbéèrè yẹn sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ bu omi tútù sílẹ̀. Ẹ bèèrè pé ṣé wọ́n ti jẹun, kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ohun tó wà nínú wọn, àwọn fúnra wọn ló máa sọ ọ́ nígbà tí ara bá tù wọ́n. Àdúrà kì í ṣe oúnjẹ tó máa kan. Á dúró dè wọ́n di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ, wọ́n á sì kúnlẹ̀ gbà á.

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró mọ́tò wọn lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ má dìde. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà, kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹ kàn fetí sílẹ̀ ni. Ẹ máa gbọ́ nígbà tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnì.